Èsì: Ọmọ tí kíkùn oyin ń dẹ́rù bà

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́, ìyá wa. Ẹ kọ̀wé pé ọmọ ọdún 9 yín máa ń sunkún ní gbogbo ìgbà tí bàbá rẹ̀ bá ṣí ilé oyin ní oko Ọ̀dẹ̀dá, ẹ sì béèrè ohun tí ẹ lè ṣe. Ẹ má ṣe mú un lọ sí oko náà mọ́. Iṣẹ́ yíyọ ìda láti inú afárá oyin nílé ni kí ẹ fún un.

Ọmọ tí ẹ̀rù àti ariwo ń dà láàmú ni mo ń sọ o. Bí oyin bá ti ta á rí, tí ojú rẹ̀ wú tàbí tí kò lè mí dáadáa, dókítà ni kó kọ́kọ́ rí i.

Ọmọbìnrin tèmi níbí ní Abẹ́òkúta kò lè fara da kíkùn oyin, ṣùgbọ́n òun ló ń jókòó tì mí nígbà tí mo bá ń yọ́ afárá nínú omi gbígbóná, tó ń ṣọ́ ọ títí ìda yóò fi dì lójú omi, tí yóò pọ́n bí ìyeyè.

Ẹ rán bàbá rẹ̀ létí pé inú ilé oyin ni oyin òṣìṣẹ́, èyí tó ń wá oúnjẹ wálé, fúnra rẹ̀ ti ń lo bí ọ̀sẹ̀ 3 àkọ́kọ́, tó ń bọ́ ọmọ, tó ń mọ afárá, kó tó jáde lọ sídìí òdòdó. Kó sì pa àwọn ẹ̀gbọ́n ọmọ náà tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́nu mọ́.

Bí ọmọ náà bá fẹnu ara rẹ̀ bèèrè láti tẹ̀ lé wọn, ẹ wọ aṣọ funfun fún un, nítorí aṣọ dúdú máa ń bí oyin nínú, kó sì dúró lọ́ọ̀ọ́kán.