Ẹ Bi Wá: Ṣé Ìkà Ni Fífi Eku Dán Oògùn Wò?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi obìnrin ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa oògùn ní yunifásítì, ó sì sọ fún mi pé eku funfun ni òun yóò fi dán ewé kan tí a máa ń sè fún àtọ̀gbẹ wò. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ mi nínú. Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn ni? Bí kò bá sì sí, kí ló yẹ kí n bi í léèrè? (Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ọ̀nà mìíràn wà fún apá kan iṣẹ́ náà. Wọ́n lè kọ́kọ́ da omi ewé náà sórí sẹ́ẹ̀lì nínú àwo, kí wọ́n wo ohun tí yóò ṣe. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì inú àwo kò ní ìfun tí yóò fa oògùn mu, kò sì ní ẹ̀dọ̀ tí ewé lè bà jẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo ẹranko kí ó tó kan ènìyàn. Insulin tí àwọn alátọ̀gbẹ ń gún lónìí, ara ajá ni àwọn olùwádìí méjì, Banting àti Best, ti rí agbára rẹ̀ ní Toronto lọ́dún 1921.

Ẹ má ṣe rò pé òkèèrè nìkan ni irú iṣẹ́ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ní Yaba, l'Ékòó, àwọn oníṣègùn Rockefeller Foundation, àjọ aláàánú kan láti Amẹ́ríkà, wá okùnfà ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ títí, nítorí pé àrùn náà kì í sábà dá àwọn ọ̀bọ ilẹ̀ Áfíríkà dùbúlẹ̀. Ọdún 1927 ni wọ́n gún ọ̀bọ rhesus, irú èyí tó ń gbé ní Íńdíà, ní ẹ̀jẹ̀ Asibi, ará Gold Coast (Ghana òde òní) kan tí ibà náà ń ṣe, àrùn sì mú un. Adrian Stokes, tó wà lára àwọn olùwádìí náà, kó o, ó sì kú l'Ékòó lọ́dún kan náà. Láti ara kòkòrò àrùn Asibi yìí ni Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe 17D, àjẹsára ibà náà tí a ṣì ń gbà títí dòní.

Lójú tiwa, inú ìtọ́jú ni ìkà ti máa ń wọlé, ibẹ̀ náà sì ni irọ́ ń gbà wọ inú ìwádìí. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ eku tí ẹ̀rù bá bà a máa lọ sókè, bẹ́ẹ̀ ṣúgà yìí gan-an ni ọmọ yín fẹ́ wọ̀n! Àwọn olùwádìí méjì, Hurst àti West, fi hàn ní 2010 pé àwọn èkúté tí wọ́n ń fi ìrù gbé máa ń bẹ̀rù ju àwọn tí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bù gbé lọ. Eku tí wọ́n bá sì ti fi oògùn sọ di alátọ̀gbẹ yóò máa mu omi púpọ̀, yóò máa tọ̀ léraléra, nítorí náà àgò rẹ̀ ń fẹ́ ìpààrọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ.

Láti ọdún 1959 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Russell àti Burch, ti là á kalẹ̀ pé kí olùwádìí fi ohun mìíràn rọ́pò ẹranko níbi tó bá ṣeé ṣe, kí ó dín iye wọn kù, kí ó sì dín ìrora wọn kù. Ẹ bi ọmọ yín bóyá ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlànà ìwádìí ti fọwọ́ sí i kí wọ́n tó ra eku, báwo ni wọ́n ṣe mọ iye tó tó, oògùn akunnilóorun wo ni wọ́n fẹ́ lò, àti ìgbà wo ni wọn yóò gbà pé ìyà eku kan ti pọ̀ jù. Bí ìyanṣẹ́lódì bá sì dé, ta ni yóò máa wọlé bu omi fún wọn? Ẹ tẹnu mọ́ èyí dáadáa, nítorí òùngbẹ ọjọ́ kan péré ti pọ̀ jù fún eku alátọ̀gbẹ.