Ẹ bi ọmọkùnrin náà bóyá ìyá rẹ̀ yóò jẹ oúnjẹ ọmọ yín

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ o, Mà. Ẹ ní ọmọ yín obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ fẹ́ ọmọkùnrin Híńdù kan láti ìlú Pune ní Íńdíà. Ẹ wá bèèrè pé ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀sìn wọn ń to ènìyàn ní ipò-ipò, tí tàwa onígbàgbọ́ kò sì ṣe bẹ́ẹ̀, àti pé bí ọmọkùnrin náà bá ṣèrìbọmi, ṣé ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn? Ní Pune yẹn ni mo ti kàwé. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìyàwó mi, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti lé mi jáde nílé nítorí pánla. Èyí tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ẹni tó ti dá yín lóhùn pé amọ̀ àti màlúù ni àwọn Híńdù ń bọ, kò mọ̀ wọ́n. Lọ́dọọdún, gbogbo Pune máa ń kún fún ère Ganesha, òrìṣà olórí erin. Wọ́n á fi àdúrà pè é wọ inú amọ̀, wọ́n á ṣe é lálejò fún ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n á sìn ín lọ, wọ́n á sì gbé ère náà lọ rì sínú omi. Tí wọ́n bá ti sìn ín lọ tán, amọ̀ lásán ló kù. Ọmọ Yorùbá tó bá ti rí bí àwọn baba wa ṣe ń bọ òrìṣà kò nílò àlàyé lórí ìyẹn.

Ibi tí a ti yàtọ̀ síra jù ni ọ̀rọ̀ àtúnwá. Babátúndé ni orúkọ mi. Nígbà tí mo sọ ìdí orúkọ náà fún ìyá onílé mi, inú rẹ̀ dùn, àfi bí ẹni pé mo ti di ara ilé. Ó wá bi mí pé kí ni bàbá àgbà mi ṣe láyé ìjọ́sí tó fi padà wá sí irú ìdílé tí a bí mi sí. Ẹnu yà mí. Lọ́dọ̀ tiwa, àgbà ń padà sáàárín àwọn ọmọ rẹ̀ ni, kì í ṣe pé ó wá san gbèsè. Lọ́dọ̀ tiwọn, karma ni: ìwà tí o hù láyé tó kọjá ló mú ọ wá sí ilé tí wọ́n bí ọ sí lónìí, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa lọ títí o ó fi rí moksha, tí o ó bọ́ lọ́wọ́ bíbí àti kíkú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rere ló rí ìtùnú nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ẹni tó wà lókè, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé obìnrin tó ń fọ ṣáláńgá ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á.

Ìwé wọn sì tì í lẹ́yìn. Orin kan nínú Rig Veda, ìwé mímọ́ wọn tó pẹ́ jù, sọ pé láti ara Purusha, ọkùnrin ìbẹ̀rẹ̀ ayé, ni aráyé ti jáde: ẹnu rẹ̀ di Brahmin (àwọn àlùfáà), apá rẹ̀ di jagunjagun, itan rẹ̀ di oníṣòwò, ẹsẹ̀ rẹ̀ di Shudra tó ń sin àwọn yòókù. Àwọn tí à ń pè ní Dalit lónìí, tí wọ́n kà sí ẹni àìmọ́, kò tilẹ̀ sí lára ẹsẹ̀. Ìwé òfin Manu, ìwé òfin àtijọ́ wọn, wá kó èèwọ̀ àti ìjìyà lé e lórí. Nínú ayé gan-an, ìpín mẹ́rin yẹn kọ́ ni wọ́n ń lò láàárọ̀-lálẹ́. Jati ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ ló wà, olúkúlùkù pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀ àti àwọn tó lè bá dána. Bíbélì àti Kùránì mọ ẹrú àti olówó ẹrú, ṣùgbọ́n n kò rí irú orin yẹn nínú wọn. Ẹni tó bá ní gbogbo ẹ̀sìn rí bákan náà ń tàn yín ni.

Àwọn Híńdù fúnra wọn ti bá a jà tipẹ́. Chokhamela, akéwì kan láti ìran Mahar (Dalit ni wọ́n) ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn, kọ orin ìyìn sí òrìṣà Vithoba ní Pandharpur, wọn kò sì jẹ́ kó wọ tẹ́ńpìlì. Ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ni ibojì rẹ̀ wà. Lọ́dọọdún, èrò tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Pandharpur máa ń gba inú Pune kọjá, orin rẹ̀ wà lẹ́nu wọn.

Ìran Mahar yẹn ni ìyàwó mi. Láyé àtijọ́, wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan omi ìlú. Ní 1927, Bhimrao Ambedkar, ọmọ Mahar tó ti kàwé ní Columbia ní Amẹ́ríkà àti ní Lọ́ńdọ̀nù, kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ síbi adágún omi ìlú Mahad, ó sì bu omi ibẹ̀ mu. Àwọn Híńdù ìpín òkè lù wọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ìgbẹ́ màlúù, ìtọ̀ màlúù àti wàrà wẹ adágún náà kó lè mọ́ padà. Ẹ tún un kà, Mà: ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n fi wẹ ọwọ́ ènìyàn kúrò lára omi. Ambedkar yìí náà ló wá ṣe alága ìgbìmọ̀ tó kọ òfin ilẹ̀ Íńdíà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1950, abala 17 rẹ̀ sì fòfin de kíka ènìyàn sí ẹni àìmọ́. Síbẹ̀, ní October 14, 1956, ó fi ẹ̀sìn Híńdù sílẹ̀ ní Nagpur, ó di ẹlẹ́sìn Búdà, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn sì tẹ̀ lé e. Bàbá àgbà ìyàwó mi wà lára wọn. Fọ́tò Ambedkar àti ère Búdà ló jọ wà ní pálọ̀ wọn di òní.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ọ̀rọ̀ ìrìbọmi tí ẹ bèèrè. Àwọn Dalit tó yí padà sí ẹ̀sìn Búdà, ìjọba àpapọ̀ yọ wọ́n kúrò nínú àwọn tí wọ́n ya àyè sọ́tọ̀ fún ní yunifásítì àti iṣẹ́ ọba, kò dá wọn padà títí di 1990. Dalit tó di Kristẹni tàbí Mùsùlùmí kò tíì rí i gbà di òní. Ìwé ìjọba ní wọn kì í ṣe Dalit mọ́, àdúgbò ní Dalit ni wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi kan ní họ́sítẹ́lì, ọmọ ìjọ Kátólíìkì láti Tamil Nadu, sọ fún mi pé ògiri ló pín ìtẹ́ òkú ìjọ wọn sí méjì. Àwọn Kátólíìkì Goa ṣì mọ ẹni tó jẹ́ ọmọ Brahmin láàárín ara wọn, bí àwọn baba ńlá wọn tilẹ̀ ti di Kristẹni látìgbà àwọn Pọtogí. Àwọn Mùsùlùmí ń fèjìká kan èjìká ní mọ́ṣáláṣí, tó bá di ìgbéyàwó, Ashraf, àwọn tó ka ara wọn sí ìran ńlá, á máa wá Ashraf. Ti Síìkì ló sàn jù lójú mi, nítorí pé ilẹ̀ ni gbogbo wọn ń jókòó sí jẹ oúnjẹ kan náà ní tẹ́ńpìlì wọn, ṣùgbọ́n ní abúlé Punjab, ẹ ó rí tẹ́ńpìlì àwọn Dalit lọ́tọ̀. Kí àwa náà má sì fọ́nnu: òfin tó fagi lé Osu ní ilẹ̀ Ìgbò ti wà láti 1956, inú ilé àwọn Kristẹni ni wọ́n sì ti ń bèèrè ẹni tó jẹ́ Osu kí wọ́n tó fọmọ fọ́kọ.

Nítorí náà, ilé ìdáná ni kí ẹ wò. Àwọn Brahmin ilé tí mo ń gbé kì í jẹ ẹran, ẹja tàbí ẹyin. Mo se ẹ̀fọ́ pẹ̀lú pánla, òórùn gba gbogbo àjà, wọ́n ní kí n kó jáde. Ní ilé kejì, obìnrin tó ń fọ ṣáláńgá ní kọ́ọ̀pù tirẹ̀ tí wọ́n gbé sí ojú fèrèsé níta. Onílé á da tíì sínú rẹ̀ látòkè, ohun tó fi ń da tíì àti kọ́ọ̀pù náà kò ní kanra. Onílé yìí kan náà ló tọ́jú mi bí ọmọ nígbà tí ibà dá mi gúnlẹ̀.

Ẹ bi ọmọkùnrin náà jati ìdílé rẹ̀, kó má tijú. Ẹ bi í bóyá ìyá rẹ̀ yóò jẹ oúnjẹ tí ọmọ yín bá sè, àti bóyá àwọn arákùnrin bàbá rẹ̀ yóò wá síbi ìgbéyàwó. Àlejò bíi tiwa kò sí nínú ìpín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọn rárá, àwọ̀ dúdú sì tún jẹ́ ẹjọ́ mìíràn. Tó bá fèsì kíákíá, ó ti bá wọn sọ ọ́ nìyẹn. Tó bá ń ṣe kámi-kàmì-kámi, wọn ò tíì gbọ́ nílé.

Tó bá jẹ́ pé ní Pune ni wọ́n ti fẹ́ ṣe é, òfin ìgbéyàwó Híńdù ti 1955 kò lè so òun àti ọmọ yín pọ̀ bí ọmọ yín bá ṣì jẹ́ Kristẹni. Special Marriage Act ti 1954, òfin tó fàyè gba ìgbéyàwó láàárín ẹlẹ́sìn méjì, ni wọ́n sábà máa ń lò. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ ti gbé àgbègbè náà fún ọjọ́ 30 kó tó fi ìwé sílẹ̀, wọ́n á sì lẹ orúkọ àwọn méjèèjì síta ní ọ́fíìsì fún ọjọ́ 30 mìíràn kí ẹni tó bá ní àtakò lè sọ ọ́. Kí wọ́n má lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀sẹ̀ méjì o.