Èsì: Ẹ́ńjìnnì tó ń ké látìgbà tí ẹ gbé ọwọ́ alùpùpù sókè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ́ńjìnnì alùpùpù yín ń ké láti ìgbà tí ẹ ti fi irin gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè. Wáyà tí ẹ fi ń fún ẹ́ńjìnnì níná (èyí tí ọwọ́ tí ẹ ń lọ́ láti sáré máa ń fà, kì í ṣe wáyà mànàmáná) ló ti kúrú. Irin tí ẹ fi gbé ọwọ́ sókè ló fà á: bí ẹ bá yí ọwọ́ dé òpin, wáyà á le gbọn-in, ẹ́ńjìnnì á sì máa ké fúnra rẹ̀.

Ìyẹn bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá yí ọwọ́ nìkan ló ń ké. Tó bá ń ké nígbà tí ọwọ́ dojú kọ iwájú, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ tú ìdè tó so wáyà mọ́ra, kí ẹ wá ọ̀nà tó yá fún un. Bí kò bá tó síbẹ̀, ẹ ra èyí tó gùn.

Rọ́bà bíréèkì, èyí tí òróró bíréèkì ń gbà kọjá, ló tiẹ̀ ń bà mí lẹ́rù jù, torí gbígbé ọwọ́ sókè lè fa òun náà le. Ẹ fọwọ́ kàn án níbi tó ti wọ ìdí ọwọ́ bíréèkì. Bó bá le bí okùn ìlù, ẹ má gun alùpùpù náà jáde rárá.