Èsì: Ṣé ẹ̀sìn nìkan ló ń mú ká fojú kéré obìnrin?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣé ẹ̀sìn ló fà á tí a fi ń fojú kéré obìnrin n'Íbàdàn. Ẹ̀sìn wà níbẹ̀, àmọ́ lójú tèmi, ìtàn tí à ń sọ fọ́mọ lágbára jù ú lọ. Ẹ wo Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn tí Ààrẹ Látòósà, olórí ìlú nígbà náà, rọ̀ lóyè ní 1874. Ó lóko ńlá, ó ń ta ohun ìjà láwìn fáwọn ológun. Ìwà ìkà rẹ̀ sáwọn ẹrú rẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀, látinú eré orí ìtàgé. (Látòósà náà lẹ́rú o! Ta ló ń pè é níkà?)

Owó náà ń dá sí i. Ìyá tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Dùgbẹ̀ sọ̀rọ̀ nípàdé mọ̀lẹ́bí, gbogbo wọn dákẹ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tí kò lówó la ẹnu, wọ́n ní kó lọ wo ọbẹ̀ níná.