Ẹgba Lójú Omi: Ọmọ Ìjẹ̀bú Tó Fẹ́ Pẹja Nígbà Kérésì

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí, àmọ́ Sheffield ní Ìlú Ọba ni mo ń gbé láti ọdún 2009. Ohun tí mo fi ń tura níbí ni kí n lọ fi ìwọ̀ pẹja lódò, irú ìwọ̀ tí wọ́n fi ìyẹ́ àti òwú dì kó lè jọ kòkòrò. Oṣù Disẹ́ńbà, nígbà tí òtútù bá mú wọ egungun, ni mo máa ń gbádùn ẹ̀ jù. Lọ́dún yìí, màmá mi ń pé ọmọ ọgọ́rin ọdún. Ọ̀sẹ̀ méjì la ó lò nílé, mo sì fẹ́ gbé ọ̀pá mi dání. Ìyàwó mi ní n kò ní í wálé ṣe ọjọ́ ìbí ìyá mi kí n tún máa sá lọ sétí omi. Níbo ni mo lè lọ? Irú ẹja wo ni mo lè rí? Báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí ilé kò fi ní í dàrú? — Ọmọ Alárè, Sheffield.

ÌDÁHÙN: Ọmọ Alárè, ìyàwó ẹ ló jàre. Mo tètè sọ ìyẹn kí o má baà rò pé, torí pé apẹja lèmi náà, màá gbè ọ́ lẹ́yìn. Àmọ́ gbé ọ̀pá ẹ wá.

Mo mọ irú ìwọ̀ tí ò ń sọ. Ní oṣù Jánúárì ọdún 2017, mo lọ kí ọmọ mi obìnrin ní Derbyshire, ọkọ ẹ̀ sì mú mi lọ sí odò Wye. Ẹ̀wù mẹ́rin ni mo wọ̀, mo dé fìlà méjì léra. Ọ̀pá náà tẹ́ẹ́rẹ́ bíi pàṣán. Mo béèrè pé òjé ìwọ̀ dà, ó ní kò sí òjé, okùn fúnra ẹ̀ ló wúwo, òun ló ń gbé ìwọ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mo ti ń fi ìwọ̀ pẹja ní Ìwópin, n kò rí irú ẹ̀ rí. Kí a tó kúrò nílé, ó ti gba ìwé àṣẹ fún mi, torí lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 13 kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀ sódò láìní ìwé yẹn. Ó ní òfin kò jẹ́ kí wọ́n pa ẹja trout inú odò lásìkò òtútù, àmọ́ a lè wá grayling títí di ọjọ́ 14 oṣù Máàṣì. Ẹja tó ní lẹbẹ gàgàrà lẹ́yìn bí ìgbòkun ọkọ̀ nìyẹn.

Mo fẹ́ ká tètè jáde. Ó ní ká dúró. Ẹja kò ní ooru tara ẹ̀: bí omi bá ṣe tutù tó ni ara ẹja náà ṣe máa tutù, á fara mọ́ ìsàlẹ̀, kò ní í lé oúnjẹ kiri. Láti aago mọ́kànlá sí aago méjì ọ̀sán la fi ṣe é, ìwọ̀ tín-ín-rín tó ní ìlẹ̀kẹ̀ irin lọ́rùn kó lè rì dé ibi tí ẹja wà. Yìnyín ń dí òrùka ara ọ̀pá, a ń fi ẹnu yọ́ ọ. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin, oòrùn ti wọ̀. Ẹyọ kan péré ni mo rí, àna mi sì gbà á lọ́wọ́ mi, ó dá a padà sómi. Títí di òní, mi ò tíì dárí ìyẹn jì í.

Ìdí tí mo fi ń rò ó fún ọ ni pé o ní láti yí aago ẹ padà kí o tó wọ bàálù. Omi tiwa kì í tutù ní Disẹ́ńbà. Ọyẹ́ lè mú ọ níwájú ilé kí ètè ẹ bẹ́, àmọ́ ki ọwọ́ bọ ọ̀sà, wàá rí i pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Òtútù ni ẹja tọ̀hún ń fara pa mọ́ fún. Oòrùn ni tiwa ń sá fún. Tó bá di ọ̀sán, atẹ́gùn òkun á tún dé, okùn tó wúwo yẹn á máa padà wá gbá ọ lójú. Láti aago mẹ́fà sí aago mẹ́jọ àbọ̀ àárọ̀ ni kí o ṣe tìẹ. Omi á tẹ́jú bíi dígí, kùrukùru ọyẹ́ á ṣì wà lórí ẹ̀, ẹ̀pìyà á máa ṣánu pọ́-pọ́ létí koríko. Ẹ sì jọ̀ọ́, ta ló ń jí ní aago mẹ́fà nílé tí wọ́n ti ń ṣe ìnáwó? Kí àwọn ọlọ́bẹ̀ tó dáná, o ti ń padà bọ̀.

Níbo wá ni? Wọ́n á sọ fún ọ pé Yemoji wà nínú ìlú. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ibẹ̀ làwa náà ti kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, àmọ́ ẹni tó bá ń ju ìwọ̀ síbi tí ọmọ ọlọ́mọ ti ń wẹ̀ ń wá ẹjọ́. Àwọn odò kéékèèké yòókù, má ṣe dá débẹ̀ láìbéèrè, torí odò míì wà tí wọn kì í pa ẹja inú ẹ̀. Wo Ọ̀ṣun: omi kan náà tó gba inú igbó Ọ̀ṣun kọjá ní Òṣogbo, tí ẹnì kankan kò gbọdọ̀ pẹja níbẹ̀, ló ń ṣàn wá já sí ọ̀sà Lẹ́kí lọ́dọ̀ wa, tí a ti ń pa á, tí a ń tà á, tí a ń jẹ ẹ́. Ibi téèyàn bá wà létí omi náà ló ń pinnu.

Ẹ̀pẹ́ ló yá jù fún ọ. Láti Ìjẹ̀bú-Òde síbẹ̀, bíi 30 kìlómítà ni. Bí o bá ní ọjọ́ kan tó ṣófo pátápátá, Ìwópin ni kí o lọ, kí o sùn mọ́jú. Ọ̀sà Lẹ́kí ni yóò wà níwájú ẹ. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ kò jìn ju mítà mẹ́ta lọ, èyí tó bá irú ìwọ̀ ẹ mu. Ìwé àṣẹ tìẹ níbẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ kí baálẹ̀, kí o má sì lọ lọ́wọ́ òfìfo. Ìjẹ̀bú, Ìlàjẹ àti Ègùn ló ń pẹja níbẹ̀, wọ́n sì mọ omi wọn bí ẹ ṣe mọ yàrá ilé yín. San owó fún ọ̀kan nínú wọn kó wa ọkọ̀ ọlọ́pọ́n fún ọ. Òun ni yóò fi hàn ọ́ ibi tí wọ́n kó ẹ̀ka igi sínú omi kí ẹja lè fi ṣelé. Má ju ìwọ̀ síbẹ̀! Ẹni tó ní ẹ̀ka ló ni ẹja. Olè ni wọ́n á pè é, kì í ṣe eré ìdárayá.

Nípa bí wàá ṣe jù ú, gbọ́ èyí. Ní Disẹ́ńbà 2018, àna mi kan náà gbé ọ̀pá ẹ̀ wá sí Ìwópin. Ó dìde dúró nínú ọkọ̀, ó fẹ okùn sẹ́yìn, ó fẹ́ ẹ síwájú, ó tún fẹ́ ẹ sẹ́yìn. Àwọn ọmọdé etí omi bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọkùnrin yìí ń na omi lẹ́gba, kí ni omi ṣe fún un? Ẹ̀ẹ̀kẹrin, ìwọ̀ há sí fìlà ẹni tó ń wa ọkọ̀. Fìlà bọ́ somi. Fìlà ìgbéyàwó ẹ̀ ni o. A fi nǹkan bí ìdajì wákàtí wá a, ìyẹn nìkan sì ni ohun tí ìwọ̀ ẹ̀ gbé lọ́jọ́ náà. Nítorí náà jókòó nínú ọkọ̀, má fẹ okùn sẹ́yìn rárá. Jẹ́ kó yí gbirigbiri lójú omi lọ síwájú. O mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi tí igbó bá wà lẹ́yìn apẹja.

Ọ̀pá nọ́ńbà 5 (nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí okùn ẹ̀ ṣe wúwo tó) tí o fi ń wá grayling á ṣe ẹ̀pìyà dáadáa, pẹ̀lú àwọn ìwọ̀ tín-ín-rín yẹn náà, àfi kí o má jẹ́ kí wọ́n rì jù. Ẹja gbọọrọ kan wà tí ẹnu ẹ̀ gùn, tí eyín ẹ̀ ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, tó máa ń lúgọ sábẹ́ ewéko. Òun ló máa fẹ́ ìyẹ́ ńlá tó ń sáré nínú omi. So wáyà díẹ̀ mọ́ ọrùn ìwọ̀ fún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á gé e. Obòkun àti àrọ̀ kò ka ìyẹ́ sí. Ẹkòló ni wọ́n mọ̀, alẹ́ sì ni àsìkò wọn.

Ojú oró àti òṣíbàtà nìkan kọ́ ló wà lójú omi mọ́. Ewéko olódòdó elésè àlùkò tó gba Badagry wọlé ní 1984 ti gba ibi púpọ̀. Ní ọ̀nà Èkó, iyọ̀ tó ń wọ ọ̀sà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ń pa á, àmọ́ omi Lẹ́kí kò níyọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó ń bẹ níbẹ̀ yí po ọdún. Etí ẹ̀ ni kí o ju ìwọ̀ sí, má ju sí àárín. Má wọ omi tó dúró sójú kan lẹ́sẹ̀ lásán. Ìgbín inú irú omi bẹ́ẹ̀ ló ń gbé kòkòrò tó ń mú kéèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀. Bí o bá sì fa ẹja kan jáde tí ara ẹ̀ ń yọ̀, tí kò ní ìpẹ́, tó sanra bíi sọ́séèjì, fi han ọlọ́kọ̀ kí o tó fọwọ́ kàn án. Bó bá jẹ́ òjijí, iná tó wà lára ẹ̀ lè tó 350 fóòtì.

Ó ku ọ̀rọ̀ ilé. Àárọ̀ méjì péré ni kí o gbà nínú ọ̀sẹ̀ méjì. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ọjọ́ ìbí màmá, kò gbọdọ̀ jẹ́ ọjọ́ Kérésì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àárọ̀ tí àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ bá fi ìpàdé ẹbí sí. Màmá fúnra wọn ni kí o kọ́kọ́ sọ fún, kì í ṣe ìyàwó. Bi wọ́n pé ẹja wo ni wọ́n fẹ́ fi se ìkọ́kọrẹ́. Ìyá tó bá ti dárúkọ ẹja ti fún ọ láyè. Àmọ́ láti ìgbà náà, o jẹ gbèsè ẹja: má dán dídá a padà sómi wò, wọ́n á ní Ìlú Ọba ti gun orí ẹ. Bí ìwọ̀ bá kọ̀ tí kò gbé nǹkan kan, ya Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ nígbà tí o bá ń bọ̀. Obòkun kì í sọ ẹni tó pa á.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ mi tó wà ní Calgary ní Kánádà fi fọ́tò ránṣẹ́, ó jókòó lórí àga láàárín odò ńlá kan, ó ń pẹja. Ó ní omi náà ti dì. Ṣé òótọ́ ni, àbí ó ń fi mí ṣeré? — Ìyá Káyọ̀dé, Òdogbolú.

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, ìyá wa. Wọ́n ń fi irin lu ihò sójú yìnyín, wọ́n á ju ìwọ̀ gba ibẹ̀. Òkè omi nìkan ló ń dì. Nísàlẹ̀ omi ṣì ń bẹ, ẹja sì ń rìn nínú ẹ̀. Bí yìnyín tó mọ́ gaara bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10, ó lè gba èèyàn tó ń fẹsẹ̀ rìn. Mọ́tò fẹ́ ju ìyẹn lọ dáadáa. Ẹ bi í pé mélòó ni òun wọ̀n kó tó gbé àga jókòó, kí ẹ sì ní kó má dá lọ. Tí ó bá ní òun kò wọn nǹkan kan, ẹ fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀.