Ẹni tó sanwó ṣítúdíò kọ́ ló ni orin

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Agbẹjọ́rò. Àwa méjì la jọ ń kọ orin. Ẹnìkejì mi kàwé nípa orin, ó ń tẹ dùùrù, ó sì ń ka nóòtù. Èmi ò kọ́ ọ nílé-ìwé kankan. Ọ̀rọ̀ ni mo máa ń kọ, màá sì fi ohùn gbé e sínú fóònù kó tó fi dùùrù sí i. Orin mẹ́sàn-án la ti ní. Òun ló sanwó ṣítúdíò, ló bá ní òun lòun ni gbogbo ẹ̀, pé òun á kàn fún mi lówó iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi àwọn ọ̀rọ̀ orin náà ránṣẹ́ sí ara mi nípòósì, kí n má tú u, pé ẹ̀rí nìyẹn. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ pòósì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, ibẹ̀ kọ́ ni ìṣòro yín wà. Gbólóhùn tó ká mi lára ni pé ẹni tó sanwó ṣítúdíò ló ni orin. Mo ti gbọ́ ọ débi pé ó ti sú mi, nítorí àwọn tó mọṣẹ́ gan-an ló ń fi í pàdánù oúnjẹ ọjọ́ ogbó wọn.

Ohun-ìní méjì ló wà nínú orin kan. Èkíní ni orin fúnra rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ohùn (bí orin ṣe ń lọ sókè sódò), èyí tí èèyàn lè kọ lábẹ́ igi láìsí iná mànàmáná. Èkejì ni ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀, tí àwọn ará ṣítúdíò ń pè ní másítà. Owó tí ẹnìkejì yín san lè sọ ọ́ di oní-másítà. Kò lè sọ ọ́ di ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ tí kò kọ. Bí olórin mìíràn bá fi ohùn tirẹ̀ tún orin yín kọ lọ́la, kò fọwọ́ kan másítà yín rárá, síbẹ̀ owó àwọn tó kọ orin ṣì gbọ́dọ̀ wọlé. Kódà nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà: ISWC ni ti orin tí a kọ, ISRC ni ti èyí tí a gbà sílẹ̀.

Ìwé tó kà ńkọ́? Òfin ò béèrè ẹni tó kàwé jù. Ó ń béèrè ẹni tó ṣẹ̀dá nǹkan sínú orin. Ní 1967, Elton John, tó padà di gbajúgbajà olórin Bìrìtéènì, tó sì ti kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ orin Royal Academy of Music, àti Bernie Taupin, ọmọ ìgbèríko Lincolnshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dáhùn ìpolówó kan náà tí ilé-iṣẹ́ orin kan fi ń wá àwọn olórin àti àwọn tó ń kọ orin. Bernie á kọ ọ̀rọ̀, Elton á wá ohùn sí i, orúkọ àwọn méjèèjì ló sì ń wà lórí orin. Tiyín tilẹ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ: bí ẹ bá ti fi ohùn gbé e sínú fóònù kó tó jókòó sídìí dùùrù, ó ṣeé ṣe kí ẹ ní ìpín nínú ohùn orin náà pẹ̀lú.

Àmọ́ dùùrù tiẹ̀ náà lè ní ìpín, ẹ má tan ara yín. Matthew Fisher tẹ dùùrù sínú orin kan tí ẹgbẹ́ olórin Bìrìtéènì, Procol Harum, gbé jáde ní 1967. Wọn ò kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó ni ín. Ó pẹjọ́ ní 2005. Ní 2009, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Bìrìtéènì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìdá 40 nínú 100 ohùn orin náà jẹ́ tiẹ̀. Ṣùgbọ́n owó gbogbo ọdún tó fi dákẹ́ kò padà sọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ tètè sọ̀rọ̀.

Òfin yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, n ò sì tíì rí ìwé kankan tí ẹ buwọ́ lù. Bí ẹ bá ti buwọ́ lùwé pé ẹ ta iṣẹ́ yín, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ẹ gbé e lọ bá agbẹjọ́rò tó wà nítòsí yín. Ní Amẹ́ríkà, bí ẹni méjì bá jọ kọ orin láìsí àdéhùn, dọ́gba-dọ́gba ni wọ́n ń pín in, ẹnì kan sì lè fún ará ìta láyè láti lò ó, kó ṣáà fún ẹnìkejì ní ìpín owó rẹ̀. Ní Bìrìtéènì, àfi kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i.

Ní ti pòósì: àpò ìwé kì í bí ẹ̀tọ́. Lábẹ́ Àdéhùn Berne ti 1886, àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn tó ṣẹ̀dá iṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ jù lọ orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé lónìí, ẹ̀tọ́ kò dúró de ìforúkọsílẹ̀. Ẹ̀rí ni ẹ nílò, ó sì ti wà nínú fóònù yín pẹ̀lú déètì. Ẹ má pa á rẹ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn lónìí.

Lẹ́yìn náà, orin mẹ́sàn-án, ìwé mẹ́sàn-án: àkọlé orin, orúkọ yín méjèèjì ní kíkún, ìpín oníkálukú nínú 100, déètì, ìbuwọ́lùwé. Kí ẹ kọ ti másítà sórí ìwé ọ̀tọ̀, kí owó tó ná lè padà sọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ nìyẹn. Bó bá kọ̀ láti buwọ́ lù ú, ẹ má bá a kọ ìkẹwàá.