Ọnọrébù ní bíìlì owó ilé ti kọjá, lanlọ́ọ̀dù ní kí n san ọdún méjì: èwo ni kí n mú?

Ìbéèrè: Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mushin ni mò ń gbé, ọdún keje rèé tí mo ti wà nínú rúùmù àti pálọ̀ kan náà, ọdọọdún ni mo sì ń sanwó. Lanlọ́ọ̀dù ṣẹ̀ṣẹ̀ fowó kún un, ó tún ní ọdún méjì lòun máa gbà lẹ́ẹ̀kan náà, pé tí mi ò bá rí i san kí n kó jáde láàárín ọjọ́ méje. Nínú gúrúpù WhatsApp àdúgbò wa, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Ọnọrébù wa fi fláyà ránṣẹ́ pé bíìlì tí Ọnọrébù gbé wá lórí owó ilé ti kọjá, wọ́n ti kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ṣé mo lè tẹ fláyà yẹn jáde kí n fi han lanlọ́ọ̀dù?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ jáde o. Bíìlì tí wọ́n kà lẹ́ẹ̀kejì ò tíì di òfin, àbádòfin ló ṣì ń jẹ́, lanlọ́ọ̀dù tó bá ní lọ́yà lẹ́yìn á kàn bi yín pé ṣé gómìnà ti buwọ́ lù ú ni, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Àmọ́ ẹ fọkàn balẹ̀. Òfin tó lè gbà yín wà nílẹ̀ tipẹ́, láti 2011 ló ti wà, àwọn èèyàn ni ò mọ̀ ọ́n, ohun tó sì ń dùn mí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí bíìlì ṣe ń rìn kí fláyà míì má baà tún kó yín ṣìnà. Aṣòfin 40 ló wà nílé aṣòfin Èkó ní Alausa. Tí ọ̀kan nínú wọn bá gbé bíìlì wá, kíkà àkọ́kọ́ ò ju kí akọ̀wé ilé ka àkọlé rẹ̀ sétí gbogbo wọn lọ, ẹnikẹ́ni ò ní jiyàn lọ́jọ́ yẹn. Kíkà kejì ni wọ́n ti máa ń sọ̀rọ̀ lórí ohun tí bíìlì náà fẹ́ ṣe, ẹni tó gbé e wá á ṣàlàyé, àwọn tó kù á dá sí i, tí wọ́n bá ti gbà pé ó dáa wọ́n á taari ẹ̀ sí kòmítì. Ibi tí ti Ọnọrébù yín dé nìyẹn, ìyẹn ni pé kò tíì dé ìdajì ọ̀nà. Kòmítì ló máa tú u palẹ̀ ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, á pe aráàlú wá sọ tiwọn, á mú àbọ̀ padà, wọ́n á kà á lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n á dìbò, ìgbà yẹn ló tó lọ sọ́dọ̀ gómìnà. Abala 100 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún gómìnà ní ọjọ́ 30 láti buwọ́ lù ú tàbí kó kọ̀. Tó bá kọ̀, ilé lè tún un dìbò lé, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn bá sì fọwọ́ sí i, èèyàn 27 nínú 40 nìyẹn l'Ékòó, ó ti di òfin láìwo ojú gómìnà mọ́.

Kódà tó bá di òfin lọ́la, kì í wo ẹ̀yìn fìyà jẹ èèyàn. Abala 36 ìwé òfin yẹn kan náà ló ní a ò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi torí ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣe é. Torí náà ọ̀rọ̀ tiyín tó ń jó lórí báyìí, òfin tó ti wà nílẹ̀ lẹ máa fi jà á.

Òfin ilé yíyá ti ìpínlẹ̀ Èkó, ti 2011, ló ń jẹ́. Kò dé Apapa, kò dé Ikeja GRA, kò dé Ìkòyí àti Victoria Island, àmọ́ ó dé Mushin dáadáa. Abala 4 ibẹ̀ sọ pé ayálégbé tó ti wà nínú ilé, tó ń san lọ́dọọdún, lanlọ́ọ̀dù tàbí ájẹ́ǹtì rẹ̀ ò gbọdọ̀ bèèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tó ń san lóṣooṣù, oṣù mẹ́fà ni òpin tiẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ wá gbalé náà, ọdún kan ni. Ẹni tó bá rú u, owó ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Owó ọdún méjì tó ń bèèrè lọ́wọ́ yín yẹn, òfin ló ń rú lójúkorojú. Ẹ wá fetí sí èyí dáadáa mà, torí ó ti kó àwọn èèyàn síyọnu: òfin ò gbà kí ẹ̀yin náà san án. Ayálégbé tó bá lọ gbé owó ọdún méjì kalẹ̀ nítorí kí àlàáfíà lè wà, òun náà ti ṣẹ̀ sí abala yẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ lọ yáwó kójọ.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ méje ńkọ́? Ó níbi tí ọjọ́ méje wà nínú òfin, ìyẹn ló sì ń jẹ́ káwọn lanlọ́ọ̀dù máa fi dẹ́rù bà yín. Tí ìwé àdéhùn yín ò bá sọ nǹkan míì, ayálégbé ọlọ́dọọdún gbọ́dọ̀ gba kúìtì nótíìsì oṣù mẹ́fà, ti olóṣooṣù jẹ́ oṣù kan. Ẹ̀yìn tí oṣù mẹ́fà yẹn bá pé ni lanlọ́ọ̀dù tó lè kọ nótíìsì ọjọ́ méje, kì í sì í ṣe nótíìsì kẹ́ ẹ kó jáde, ohun tó ń sọ fún yín ni pé òun ń lọ sí kọ́ọ̀tù láti gbalé òun. Ẹ yẹ ìwé àdéhùn yín wò o. Tó bá jẹ́ àkókò kan pàtó ló wà nínú ẹ̀ tí àkókò náà sì ti tán, òfin ò béèrè kúìtì nótíìsì mọ́, ọjọ́ méje yẹn nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n bó ti wù kó rí, kọ́ọ̀tù nìkan ló lè ní kẹ́ ẹ jáde. Lanlọ́ọ̀dù tó bá gun òrùlé lọ ká páánù, tó bá yọ ilẹ̀kùn, tàbí tó kó tọ́ọ̀gì wá halẹ̀ mọ́ yín kẹ́ ẹ lè jáde, ẹ̀ṣẹ̀ ló dá, ẹ̀wọ̀n sì wà níbẹ̀.

Owó tó fi kún un náà ní ojútùú. Abala 37 fún ayálégbé lánfààní láti lọ sọ fún kọ́ọ̀tù pé àfikún yìí ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kọ́ọ̀tù á sì wo iye tí wọ́n ń gba irú ilé bẹ́ẹ̀ ládùúgbò yín. Àmọ́ tó bá jẹ́ èmi, mi ò ní kọ́kọ́ sáré lọ sí kọ́ọ̀tù. Èkó ní ibùdó ìlàjà tìjọba, Citizens' Mediation Centre, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á fìwé pe lanlọ́ọ̀dù, ẹ̀yin méjèèjì á jókòó. Ọ̀pọ̀ lanlọ́ọ̀dù tí mo ti bá jókòó, tí wọ́n bá ti rí i pé ayálégbé mọ abala 4 lórí, ohùn wọn máa ń yí padà, àwọn míì ò tiẹ̀ mọ̀ pé òfin wà lóòótọ́, ohun tí bàbá wọn ṣe làwọn náà ń ṣe.

Ní ti Ọnọrébù, mi ò ní kẹ́ ẹ kẹ̀yìn sí i o. Bíìlì tó wà lọ́wọ́ kòmítì ló ṣì rọ̀ tó ṣeé tún mọ, ìgbà yìí gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀ ládùúgbò, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà bíìlì náà gan-an, kì í ṣe fláyà. Ẹ bi wọ́n lórúkọ kòmítì tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ pe aráàlú. Kí wọ́n sì là á fún yín bóyá bíìlì ni lóòótọ́ àbí móṣọ̀n, torí móṣọ̀n kò ju kí ilé rọ gómìnà tàbí iléeṣẹ́ kan pé kó ṣe nǹkan lọ, kò de ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, mo sì ti rí fláyà tó pe móṣọ̀n ní bíìlì.

Lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, ẹ ò nílò gẹ̀ẹ́sì ńláńlá. Mo ti wà níbi ìpàdé bẹ́ẹ̀ tí màmá kan mú ìwé ekisesáìsì kékeré kan jáde, ó ti lẹ rìsíìtì owó ilé ẹ̀ mọ́ ọn lójú ìwé kọ̀ọ̀kan, bí owó ṣe ń gorí owó láti ọdún dé ọdún, ó kàn ń ṣí i ní ojú ìwé kan lẹ́yìn òmíràn. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti sọ̀rọ̀ kó tó dìde, síbẹ̀ ìwé màmá yẹn ni àwọn aṣòfin ní kí wọ́n gbé wá síwájú kí àwọn wò.

Torí náà rìsíìtì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Abala 5 òfin 2011 yẹn pọn lanlọ́ọ̀dù ní dandan láti fún yín ní rìsíìtì tó ní déètì, orúkọ yín àti tiẹ̀, iye owó àti àkókò tí owó náà wà fún. Tó bá jẹ́ pé kò fún yín rí, ẹ lọ gba ìwé báǹkì yín, gbogbo owó tẹ́ ẹ ti fi ránṣẹ́ sí i á wà níbẹ̀. Ẹ tò wọ́n láti ọdún àkọ́kọ́, ẹ ya fọ́tò wọn, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni kan tẹ́ ẹ fọkàn tán kẹ́ ẹ tó sọ ọ̀rọ̀ abala kankan létí lanlọ́ọ̀dù.